Ta Ni Ó Ni Ìtàn? Ọ̀rọ̀ Lórí Ikú Jack Kirby àti Iṣẹ́ Tí Ó Fi Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Òwe náà ní ibi tí ó ti bá ọ̀rọ̀ mu, ṣùgbọ́n ó ti di ohun tí àwọn kan fi ń pa ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́. Láti ìgbà tí Jack Kirby, ayàwòrán ìwé ìtàn ọmọ Amẹ́ríkà, ti kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1994 ní ìlú Thousand Oaks ní ìpínlẹ̀ California, òwe yìí gan-an ni àwọn agbẹjọ́rò ń pa mọ́ ọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè òfin ni wọ́n fi ń pa á. Wọ́n ní wọ́n gbé iṣẹ́ fún un, ó ṣe é, wọ́n sanwó, ó tán. Wọ́n ní ẹni tí ó sanwó ni ó ni ìtàn, òun náà sì ni òfin mọ̀ sí ẹni tí ó dá ìtàn sílẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ lítíréṣọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Pé olówó ra ìtàn, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Pé olówó ni ó dá ìtàn tí kò fọwọ́ kàn sílẹ̀, irọ́ gbáà ni, kì í sì í ṣe ìwé aláwòrán nìkan ni irọ́ náà yóò bà jẹ́ bí wọ́n bá gbà á láyè.

Ẹlòmíràn lè béèrè ohun tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ìwé tí àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà ń fi sẹ́ǹtì mẹ́wàá rà. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Àwọn tí ó ń ka Atọ́ka ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, tí wọ́n ń wo fọ́tò àwọn òṣèré bí eré ti ń lọ láti ojú-ìwé kan dé èkejì, mọ̀ pé ìtàn tí ènìyàn fi ojú wò lè wọ inú ọkàn bí èyí tí ó fi etí gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni fíìmù Black Panther tí ó jáde ní ọdún 2018, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó àti ní Ìbàdàn ń tò lọ wò, ọwọ́ Kirby ni ọba inú rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1966, nínú ìwé Fantastic Four nọ́ḿbà 52. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi apá méjèèjì kọ́ àyà bí ará Wakanda ni kò mọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fa ìlà tí ó di ìlú náà. Ta ni yóò sọ fún wọn bí kò bá ṣe olùkọ́?

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1917 ni wọ́n bí Kirby ní ìlú New York, ní àdúgbò Lower East Side, níbi tí àwọn òtòṣì tí ó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá kún fọ́fọ́. Jacob Kurtzberg ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Júù láti ilẹ̀ Austria ni àwọn òbí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aṣọ ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ òòjọ́. Ọmọ náà wọ ilé-ẹ̀kọ́ Pratt láti kọ́ àwòrán yíyà, ṣùgbọ́n kò lò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ níbẹ̀ tí ó fi kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́. Nígbà tí ó ṣe, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joe Simon dá Captain America sílẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 1941 ni wọ́n kọ sára ìwé àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n sì yà sí èèpo rẹ̀ ni akọni náà tí ó ń fi ìkúùkù gbá Hitler ní àgbọ̀n. Amẹ́ríkà kò tí ì wọ ogun nígbà náà. Ó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ní New York gan-an, ní ọdún 1939, àwọn tí ó ń ti Hitler lẹ́yìn ti ṣe ìpàdé ńlá ní gbangba. Ọmọ Júù ọlọ́dún mẹ́tàlélógún ni ó ya àwòrán yìí lójú gbogbo wọn. Ní ọdún 1943 ìjọba mú un wọ iṣẹ́ ológun; ní 1944 ó dé ilẹ̀ Faransé, ó sì jà níbẹ̀ títí òtútù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kí ẹni tí ó ń wí pé eré ọmọdé ni ìwé aláwòrán fi èyí sí ọkàn.

Ọdún 1961 ni ìjà tí ó wà nílẹ̀ yìí ti ṣẹ̀, nígbà tí Kirby àti Stan Lee, olóòtú ilé-iṣẹ́ Marvel, bẹ̀rẹ̀ ìwé Fantastic Four. Láàárín nǹkan bí ọdún méjì, Hulk, Thor, X-Men àti Avengers tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí òǹkàwé mọ bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé inú rẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ní ilé-iṣẹ́ mìíràn, òǹkọ̀wé ni yóò kọ gbogbo rẹ̀ tán: ohun tí yóò wà nínú àwòrán kìn-ín-ní, ohun tí ẹ̀dá-ìtàn yóò sọ, ohun tí yóò wà nínú àwòrán kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ayàwòrán yóò wá ya ohun tí ó bá kà. Ní Marvel, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ìwé tí Lee ń bójú tó pọ̀ ju ohun tí ènìyàn kan lè kọ tán lọ. Nítorí náà, òun àti ayàwòrán a jọ sọ̀rọ̀, nígbà mìíràn lórí tẹlifóònù, tàbí kí ó fún un ní ìlapa èrò kúkurú kan. Kirby yóò wá padà sí ilé rẹ̀ ní Long Island, yóò wọ yàrá kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ilé, yóò sì jókòó ti pátákó ìyàwòrán títí di ọ̀gànjọ́ òru. Òun ni yóò pinnu bí ìtàn yóò ti tò tẹ̀ lé ara wọn, ẹni tí yóò wọlé, ẹni tí yóò jáde, ibi tí ìjà yóò ti bẹ́ sílẹ̀ àti ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti di ẹkún. Ní etí ojú-ìwé, yóò fi pẹ́ńsùlù kọ àlàyé, kí Lee lè mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ àti irú ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó ti ẹnu ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan jáde. Ìgbà tí ojú-ìwé bí ogún bá pé, tí ìtàn ti ní orí àti ìdí, ni yóò tó kó o ránṣẹ́. Lee yóò sì wá fi ọ̀rọ̀ sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá jáde, ohun tí wọ́n ń kọ sí iwájú rẹ̀ ni pé Lee ni ó kọ ìtàn, Kirby ni ó ya àwòrán.

Kí olùkọ́ mú ìwọ̀n tí ó fi ń wọn ìtàn-àròsọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde, kí ó fi wọn èyí. Àhunpọ̀ ìtàn ńkọ́? Ọwọ́ ẹni tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ilé lóru ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wá. Ibùdó ìtàn ńkọ́? Kò sí ìlú kan, kò sí ojú ọ̀run kan, kò sí ẹ̀rọ kan nínú àwọn ìwé wọ̀nyí tí Kirby kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ dó. Ìfìwàwẹ̀dá, ibẹ̀ ni àwọn alátakò rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn, nítorí wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ń fi ìwà hàn. Wọ́n gbàgbé pé Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ̀dá-ìtàn kan bá tẹrí ba tí ó sì kẹ̀yìn sí àwọn ẹbí rẹ̀, òǹkàwé ti mọ ohun tí ó ń dùn ún kí ó tó ka gbólóhùn kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ pé nínú eré-oníṣe, ìṣesí òṣèré jẹ́ apá kan nínú èdè eré náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí ìwé aláwòrán, àwọn kan nínú wọn a yí ohùn padà, wọn a ní ọ̀rọ̀ tí a kọ nìkan ni lítíréṣọ̀. Àwọn náà kọ́ ni ó ń jà fún ewì alohùn pé lítíréṣọ̀ ni, tí kò ní ìwé kankan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀?

Ẹ̀rí kan wà tí ó tó fún ẹni tí kò bá fẹ́ jiyàn lásán. Ní ọdún 1966, Lee àti Kirby fẹ́ sọ ìtàn Galactus, òmìrán kan tí ó ń jẹ odidi ayé bí ẹni jẹ iṣu. Nígbà tí àwọn ojú-ìwé náà dé ọwọ́ Lee, ó rí ẹnì kan nínú wọn tí àwọn méjèèjì kò jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí: ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ń dán bí fàdákà, tí ó dúró lórí pákó kan tí ó sì ń fò la òfuurufú kọjá. Ó béèrè pé ta ni èyí. Kirby dá a lóhùn pé alágbára tí ó tó báyìí kò lè ṣàì ní ìlàrí tí yóò máa lọ ṣáájú rẹ̀. Bí Silver Surfer ti wọ inú ìtàn nìyẹn. Kì í ṣe àwọn ọ̀tá Lee ni ó ń sọ ọ́. Lee fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ káàkiri. Ó fẹ́ràn ẹ̀dá-ìtàn náà púpọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí ó níyì sí i lẹ́nu. Ní ọdún 1968, Marvel fún Silver Surfer ní ìwé tirẹ̀. Lee ni ó kọ ọ́. Ayàwòrán mìíràn ni wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ fún.

Síbẹ̀síbẹ̀, àwọn kan nínú àwọn tí ń gbèjà Kirby ti kọjá àyè wọn. Wọ́n ní Lee kò ṣe nǹkan kan, wọ́n ní olè ni. Kirby pàápàá, nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tí ó jáde ní ọdún 1990, wí pé Lee kò kọ ohunkóhun rí. Ìbínú ni ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sì yẹ kí ọ̀mọ̀wé sọ ìbínú di ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ka àwọn ìwé náà yóò gbọ́ ohùn Lee nínú wọn: àwàdà rẹ̀, bí àwọn akọni rẹ̀ ti ń bá ara wọn jà bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò, bí ó ti ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà kan náà. Nígbà tí Kirby bínú kúrò ní Marvel ní ọdún 1970, tí ó lọ sí ilé-iṣẹ́ DC, tí ó sì ń dá kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú New Gods àti àwọn ìwé tí ó tẹ̀ lé e, gbólóhùn rẹ̀ a máa wúwo bí òkò. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kò lè kà á. Ṣùgbọ́n ayé tí ó dá sílẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú Darkseid tí ó ń wá bí yóò ti gba òmìnira kúrò lọ́kàn gbogbo ẹ̀dá, tóbi débi pé àwọn ẹlòmíràn ṣì ń rí oúnjẹ jẹ nínú rẹ̀ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọdún 1972 ni DC dá ìwé New Gods dúró. Òótọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn méjì ni wọ́n jọ dá àwọn ìtàn Marvel wọ̀nyẹn sílẹ̀. Kirby ni ó ru apá tí ó wúwo jù. Orúkọ Lee ni ayé mọ̀.

Ìdáhùn tí ó kù fún àwọn alátakò ni pé ó gbowó. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbowó, iye kan lórí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, kò sí owó ìfẹ̀yìntì, kò sí owó ìtọ́jú bí àìsàn bá dé. Òun ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra bébà àti pẹ́ńsùlù, ilé ara rẹ̀ ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù kan, oṣù náà lọ lófo. Lẹ́yìn tí ó kú ni wọ́n wá ń sọ ní ilé-ẹjọ́ pé iṣẹ́ àgbàṣe ni gbogbo ohun tí ó ṣe, àti pé nítorí náà Marvel ni ẹni tí ó dá a sílẹ̀ lójú òfin. Ní ọjọ́ owó, àlejò ni. Ní ọjọ́ ẹjọ́, ó di ará ilé. Yorùbá mọ iṣẹ́ àgbàṣe dáadáa. Alágbàṣe a bá oko nílẹ̀. Olóko a fi ààlà hàn án, a fi poro tí yóò kọ hàn án, a sì sọ iye ebè tí ó fẹ́. Ta ni ó fi poro han Kirby? Igbó ni ó bá. Ìwọ̀fà pàápàá, tí gbèsè dè mọ́lẹ̀, a máa ní àkókò tí yóò fi lọ sí oko ara rẹ̀, ohun tí ó bá sì hù níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Nítorí náà òwe ẹrú àti ẹrù kò bá ọ̀ràn yìí mu rárá, nítorí pé ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ń bọ́ ọ.

Wọn a tún ní ó buwọ́ lùwé. Ó buwọ́ lù ú lóòótọ́ ní ọdún 1972, tí ó fi gbogbo ẹ̀tọ́ tí ó bá ní lórí àwọn iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún Marvel. Kí ẹni tí ó ń ka èyí sí ẹ̀rí dáhùn ìbéèrè kan: bí ẹni náà kò bá ní ẹ̀tọ́ kankan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1984 sí 1987 ni ó ṣe ni láàánú jù. Nígbà náà, Marvel ń dá ojúlówó àwòrán padà fún àwọn tí ó yà wọ́n, ìyẹn bébà gan-an tí ọwọ́ wọn ti kàn. Ojú-ìwé kan ṣoṣo ni àwọn ayàwòrán yòókù ní láti buwọ́ lù kí wọ́n tó gba tiwọn. Ojú-ìwé mẹ́rin ni wọ́n gbé síwájú Kirby, àwọn àdéhùn tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì sí nínú ti ẹnikẹ́ni mìíràn. Ojú-ìwé àwòrán 88 ni wọ́n sọ pé àwọn yóò fún un bí ó bá buwọ́ lù ú. Ẹni tí ó ya àwòrán tí ó ju 10,000 ojú-ìwé lọ fún wọn! Ó kọ̀. Ó ti lé ní ẹni ọdún 65 nígbà náà. Àwọn ayàwòrán àti òǹkọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo, wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé ẹ̀bẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn tí ó ń kọ nípa ìwé aláwòrán sì gbé e. Ní ọdún 1987 ni wọ́n tó dá bíi 1,900 padà fún un. Àwọn ìyókù ti fọ́n ká. Púpọ̀ nínú wọn wà lọ́wọ́ àwọn olówó tí ń kó irú wọn jọ. Àwọn kan ní Kirby fi agídí ba ara rẹ̀ jẹ́ nínú ọ̀ràn yìí. Bí kò bá ṣe agídí náà ni, 88 ni ì bá gbà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ẹjọ́ wá dé. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1976 fi àyè sílẹ̀ pé lẹ́yìn ọdún 56, ẹni tí ó dá iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, lè gba ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fún. Iṣẹ́ àgbàṣe nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ní ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Disney ti ní òun yóò ra Marvel ní nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, àwọn ọmọ Kirby mẹ́rin kọ ìwé ìfitónilétí 45 lórí iṣẹ́ 262 tí ó jáde láàárín ọdún 1958 sí 1963. Marvel gba ilé-ẹjọ́ lọ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010. Ní 2011 adájọ́ dá Marvel láre. Ní 2013 ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà sọ ohun kan náà, pé Marvel ni ó bẹ iṣẹ́, Marvel ni ó sì ná owó lé e. Àwọn ọmọ náà kò dákẹ́, wọ́n gbé e dé iwájú ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ. Àwọn ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, ti àwọn olùdarí eré àti ti àwọn òṣèré fíìmù kọ̀wé láti tì wọ́n lẹ́yìn, nítorí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ ará ilé àwọn ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn adájọ́ jókòó láti mọ̀ bóyá wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, àwọn méjèèjì parí rẹ̀ ní ìtùbínùbí. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n fi parí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni orúkọ Kirby ti ń jáde pẹ̀lú ti Lee nínú ìwé àti fíìmù Marvel gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó dá àwọn ẹ̀dá-ìtàn náà sílẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti kú. Ẹni tí ó borí ní ilé-ẹjọ́ méjì ni ó kọ orúkọ yìí síbẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kí àwọn tí ó ní òfin ti parí ọ̀rọ̀ wá túmọ̀ èyí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òkè òkun nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1924, ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, láti ibẹ̀ ni ó sì ti wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àwọn òyìnbó tó mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn kọ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ sí ara iṣẹ́ rẹ̀. Ilé kò gbàgbé rẹ̀ ní tiwọn: ní ọdún 1988, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn aya rẹ̀ ṣì mọ oríkì rẹ̀, ó sì kì í fún olùwádìí kan, pẹ̀lú àwọn ibi tí Ọlọ́wẹ̀ ti ṣiṣẹ́.

Ilé kan náà yìí ni ìwé àkójọ ìjálá, rárà, ẹ̀sà àti ẹkún ìyàwó ti ń jáde, tí orúkọ ẹni tí ó kó wọn jọ a gba gbogbo èèpo ìwé. Orúkọ oníjàálá a wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣáájú, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí níbì kankan. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ọlọ́hùn wọn, pẹ̀lú ìlú wọn àti ọjọ́ tí wọ́n ké e. Àwọn wọ̀nyẹn kò sí nínú ẹjọ́ yìí. Ẹni tí ó gba ohùn sílẹ̀, tí ó tò ó, tí ó sì fi àmì sí i, ṣe iṣẹ́ tí kò kéré, bí Lee náà ti ṣe. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ké ìjálá náà, bí ó bá sì jẹ́ pé òun ló fún oníjàálá ní owó ọtí ní ọjọ́ náà, owó náà kò sọ ọ́ di oníjàálá. Bí ìbéèrè ìdánwò bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ẹni tí ó ni ewì tí wọ́n tẹ̀ sókè, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ orúkọ oníjàálá má ṣe pàdánù máàkì lọ́wọ́ olùyẹ̀wé. Kí ìwé tí ó bá sì ń jáde láti ìsinsìnyí lọ gbé orúkọ méjèèjì sí èèpo rẹ̀, kí àwọn lẹ́tà wọn sì tóbi dọ́gba.